Wọ́n Fura sí Ráímì, Wọn Ò Fura sí Dáàmù

Ọlọ́hun ló ni ọpẹ́, Òun la fi bẹ̀rẹ̀, kí ìkẹ́ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lórí ẹní, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró síta lọ́hùn-ún tẹ́ ẹ ní ẹ kì í ṣe mùsùlùmí, ẹ sún mọ́ wa. Omi kì í béèrè ẹ̀sìn kó tó gbé èèyàn lọ. Ọ̀rọ̀ ìfura ni mo bá wá lónìí. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun kìlọ̀ fún wa pé apá kan nínú àbá tí à ń dá síra wa, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Kí wá ló yẹ ká fura sí? Ẹ fetí sílẹ̀.

Ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Ayégbàmí. Erùpẹ̀ ni wọ́n fi ṣe dáàmù wọn, kò sí símẹ́ńtì, kò sí irin. Àwọn bàbá wọn ló gbé amọ̀ lé amọ̀, tí wọ́n gún un mọ́lẹ̀ títí tó fi le, tí wọ́n to òkúta síwájú ẹ̀ kí omi má bàa jẹ ẹ́. Wọ́n dá ẹnu kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí omi tó bá kún jù máa gba ibẹ̀ lọ sínú igbó. Ẹnu yẹn lẹ̀mí dáàmù! Dáàmù elérùpẹ̀ tí omi bá ti gorí ẹ̀ kọjá, ó parí. Àdúgbò Ìsàlẹ̀ ló sì wà lábẹ́ ẹ̀, bí ogójì ilé.

Alàájì Búsàírì ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú dáàmù. Àmánà, ohun ìfọkàntán, ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Kí ni Alàájì ṣe? Ó da ọmọ ẹja sínú omi. Òjò dé, ẹja ń gba ẹnu yẹn sá lọ. Ló bá kó àpò iyanrìn, ó dí i pa! Ó ní, "Kí n máa bọ́ ẹja, kí àwọn ará oko máa ṣà á jẹ?" Ó tún gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí ògiri dáàmù. Gbòǹgbò ń wọnú ẹ̀, òkété ń gbẹ́ ihò síbẹ̀, Alàájì ń jẹ ẹja. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin kọmití mọ́sálásí, mo mọ̀ yín.

Bàbá kan wà tó ń jẹ́ Ráímì, tálákà ni, iṣẹ́ kànga gbígbẹ́ ló ṣe darúgbó. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó dé ìlú. Tó bá kírun Àsùbáà tán, á mú abọ́ funfun kan, á lọ sí ìdí dáàmù níbi tí omi ti ń sun díẹ̀díẹ̀. Á bù ú, á tẹjú mọ́ ọn, á dà á nù. Lójoojúmọ́! Tẹ́ ẹ bá rí i, kí lẹ máa rò? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

"Ó ń fi nǹkan sómi ni," làwọn ará ìlú ń wí.

"Ìgbà tó dé ni ewúrẹ́ mi ti ń kú."

Èmi náà ì bá fura. Omi wo lèèyàn ń bù tí kì í mu, tí kì í fi ṣe àlùwàlá?

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, Bàbá Ráímì dìde.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí dáàmù elérùpẹ̀ tí kì í làágùn. Bí òógùn ẹ̀ bá mọ́, kò séwu. Láti ìjẹta, omi ìdí dáàmù yìí ti ń mú ẹrẹ̀ bọ̀, inú ògiri lẹrẹ̀ náà sì ti ń wá. Ògiri ń yọ́ lábẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ẹnu tí Alàájì dí, kí omi lè fà."

Alàájì fò dìde. "Ẹ ò gbọ́? Ta ló ń da ibẹ̀ rú láràárọ̀ bí kì í ṣe òun? Ẹja mi ló fẹ́ jí kó!"

Wọ́n gba abọ́ lọ́wọ́ arúgbó, wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ tẹ ìdí dáàmù mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, òjò rọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrun Àyílà. Bàbá Ráímì dúró lókèèrè, ó rí i pé omi ti fẹ́ẹ̀ dógba pẹ̀lú orí ògiri, ògiri sì ti sán. Ó sáré wọ Ìsàlẹ̀ láti ilé dé ilé. "Ẹ jáde! Ẹ gòkè!"

"Ká jáde kó o lè ráyè kó wa lẹ́rù?" Wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ẹ wo ohun tí arúgbó ṣe. Ó gbé ṣọ́bìrì lé èjìká, ó gun òkè ẹ̀yìn mọ́sálásí níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni o. Ó kàn ń gbẹ́lẹ̀ ni.

"Ó ń ri oògùn mọ́lẹ̀! Ẹ wá mú un!"

Ariwo ta. Tọkùnrin tobìnrin, abiyamọ pọn ọmọ, wọ́n ya gòkè. Alàájì ló ṣíwájú. Ó fún arúgbó lọ́rùn aṣọ. "Kí lò ń rì síbẹ̀?"

"Mi ò ri nǹkan kan, Alàájì. Ṣé gbogbo yín lẹ ti dé?"

Kò tíì pa ẹnu dé tí wọ́n gbọ́ ọ. Gbì! Ògiri là láàárín, omi dà sórí Ìsàlẹ̀. Ogójì ilé, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń lọ.

Alàájì jọ̀wọ́ ọrùn aṣọ. Ó ń wojú èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Màmá mi dà?"

Sùwébátù, aládùúgbò ìyá náà ní Ìsàlẹ̀, bú sẹ́kún. "A pè wọ́n, Alàájì. Wọ́n ní ọmọ àwọn ló ń ṣọ́ dáàmù, pé àwọn ò bẹ̀rù ẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn, ó dùn mí! Àwọn tó fura sí aláìṣẹ̀, Ọlọ́hun fi àánú lásán yọ wọ́n. Ẹni tó finú tán ọmọ ẹ̀ lomi gbé. Nítorí ẹja! Ìwọ tí àmánà wà lọ́wọ́ ẹ, ọwọ́ ara ẹ ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Ta ló lọ wo ìdí dáàmù tiwa lọ́dún yìí?

Ọlọ́hun, tọ́ wa sọ́nà. Là wá lójú ká rí ohun tó yẹ ká bẹ̀rù. Má jẹ̀ẹ́ ká di ikú tó pa ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé wa. Ẹ ṣe àmí.