Òṣùpá Tí Mo Fi Àtùpà Ṣe

Mo ti pinnu pé n ó sọ ọ́. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdáhùn sí ìyẹn, n ó tún dákẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdákẹ́ ni mo fi ba ayé obìnrin kan jẹ́. Dhapu ni orúkọ rẹ̀, ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni. Ní abúlé wa, ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé òun ni obìnrin tó jẹ ọkọ rẹ̀. Irọ́ ni. Èmi Sugna, ìyàwó àgbà ilé náà, tí wọ́n ń yìn pé n kì í gbé ohùn sókè, èmi ni mo mọ̀ pé irọ́ ni, èmi náà ni mo sì jẹ́ kó dúró bí òótọ́.

N kò lọ ilé ìwé. Bàbá àgbà mi ló kọ́ mi ní ìwé kíkà nílé, ìyá àgbà mi ló kọ́ mi ní ìtàn. Nígbà tí mo dé ilé ọkọ, tí àwọn obìnrin àdúgbò rí i pé mo lè kàwé, wọ́n fi mí ṣe ẹni tí yóò máa ka ìtàn Ìyá Chauth, òrìṣà àwọn abilékọ, ní ọjọ́ ààwẹ̀ oṣù Kartik. Ọjọ́ yẹn, obìnrin tó bá ní ọkọ kò ní jẹ, kò ní mu, látàárọ̀ títí òṣùpá yóò fi yọ, kí ẹ̀mí ọkọ rẹ̀ lè gùn. Lọ́sàn-án, a ó jókòó yí ìṣà amọ̀ ká láti gbọ́ ìtàn, torí ààwẹ̀ tí a kò ka ìtàn sí, ebi lásán ni. Bí òṣùpá bá yọ, a ó wò ó láti inú asẹ́ ìyẹ̀fun, a ó ta omi sílẹ̀ fún un, a ó wo ojú ọkọ wa, kí a tó fi nǹkan kan ẹnu.

Ìtàn náà rèé. Ọmọbìnrin kan wà tó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin méje. Ó gba ààwẹ̀ yìí fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì ń dákú lọ. Àánú rẹ̀ ṣe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n dá iná sẹ́yìn igi, wọ́n gbé asẹ́ síwájú rẹ̀, wọ́n ní, "Àbúrò wa, òṣùpá ti yọ." Ó gbà wọ́n gbọ́, ó jẹun, oúnjẹ kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n fi wá sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó jókòó ti òkú náà fún ọdún kan gbáko, ó ń bẹ Ìyá Chauth, títí ọjọ́ ààwẹ̀ fi tún yí padà, tó gbà á tọkàntọkàn, tí ọkọ rẹ̀ sì jí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìtàn yìí kí omi lé lójú obìnrin. Ṣùgbọ́n nílé wa, ìyá àgbà mi kì í kà á tán láìdúró. Bó bá dé ibi tí ọkọ kú, yóò gbé ojú sókè yóò ní, "Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèje wá ńkọ́? Ta ló bi wọ́n léèrè?" Àwa ọmọdé a máa rẹ́rìn-ín. Nílé ọkọ mi, n kò sọ ibẹ̀ yẹn rí. Ìyàwó tuntun ni mí, ojú ń tì mí. Lẹ́yìn tí mo di ìyàwó àtijọ́, ojú ṣì ń tì mí.

Dhapu ní tirẹ̀, ojú kì í tì í. Ohun tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ni pé ó tó gẹ́ẹ́, torí ọmọbìnrin ti pọ̀ jù nílé wọn kí wọ́n tó bí i. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. "Ìyálé mi, wọ́n ní ó tó, mo ní mo ṣì ń bọ̀." Bhairu ọkọ rẹ̀ ń wa katakata fún àwọn olóko ńlá, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ìyá ọkọ wa máa ń pòṣé. Ọdún tí mò ń sọ yìí, Dhapu lóyún, ikùn rẹ̀ ti yọ dáadáa. Àárọ̀ ọjọ́ ààwẹ̀, ó bì títí kò sí ohun tó kù láti bì. Mo lọ bá ìyá ọkọ wa, mo ní bóyá kí ó fi omi díẹ̀ ra ẹnu. Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kí ó ta ilé. "Àwa náà lóyún, a sì gbààwẹ̀. Ṣé oyún tirẹ̀ ni àkọ́kọ́ láyé ni?" Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Lọ́sàn-án mo ka ìtàn, Dhapu fẹ̀yìn ti ògiri, ó fi ọwọ́ tó fi làálì sí bo ẹnu, ó ní sí mi létí pé bí Bhairu bá pẹ́ láyé tó bí ebi òun ṣe pẹ́ lónìí, yóò sin gbogbo wa. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ foríjì mí, mo rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìkùukùu bo ojú ọ̀run. Àwọn obìnrin gun orí òrùlé iwájú lọ ń wo ìlà oòrùn, òṣùpá kò yọ. Dhapu kò lè gun àkàsọ̀. Mo bá a ní àgbàlá ẹ̀yìn lórí ibùsùn olókùn, ètè rẹ̀ ti là. Kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó di etí aṣọ mi mú, ó ní, "Ìyálé, ọmọ yìí ti dákẹ́ nínú mi. Láti ọ̀sán kò mira." Mo gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí ó yẹ kí n ṣe ni kí n fún un lómi ní gbangba, kí n sì gba ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Dípò ìyẹn, mo gbé àtùpà, mo gun orí ilé màlúù lẹ́yìn igi dóńgóyárò, mo fi àtùpà náà sẹ́yìn asẹ́, mo sì ta gèlè àtijọ́ kan tó ti pọ́n bò ó. Láàárín ewé, ó rí roboto, ó ń tàn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ bí òṣùpá tí ojú ń tì. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Inú ìtàn tí mo kà lọ́sàn-án ni mo ti rí i kọ́.

Mo padà lọ bá a. "Dìde, òṣùpá ti yọ." Ó ní ṣé òótọ́ ni. Mo ní ojú mi ló rí i. Ó gbé asẹ́ tirẹ̀ sókè, ó wò ó, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ta omi sílẹ̀, ó wo fọ́tò Bhairu torí kò tíì dé láti oko, ó sì mu omi lọ́wọ́ mi. Mo gbé róòtì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ọkà bàbà, àti ọbẹ̀ ẹ̀wà fún un. Kò pẹ́ tó ń jẹ tó fi mú ọwọ́ mi fi sí ikùn rẹ̀, ọmọ náà sì ta ẹsẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Kò sí ọjọ́ tí inú mi dùn tó ọjọ́ yẹn nílé ọkọ. Mo sáré lọ gbé àtùpà mi kúrò. Orí ilé màlúù yẹn ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn ìyá ọkọ wa ní àgbàlá, tó ń bi Dhapu pé ta ló sọ fún un pé òṣùpá ti yọ nígbà tí àwọn tó wà lókè kò tíì rí i. Dhapu ní, "Ìyálé ló sọ fún mi." Mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn koríko màlúù, gíláàsì àtùpà ń jó mi lápá, n kò sì sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé tó bá di ọ̀la, ọ̀rọ̀ náà yóò ti lọ.

Ọ̀la dé. Wọ́n gbé Bhairu wálé lórí ibùsùn. Katakata ló dojú dé lẹ́bàá kòtò omi ńlá tó ń bomi rin oko, ó sì wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sí àgbàlá, Dhapu jókòó síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sunkún. Nígbà tí àwọn ọkùnrin fẹ́ gbé e lọ síbi tí wọn yóò ti fi iná sun òkú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó ní, "Ẹ má gbé e. Nínú ìtàn, ọmọbìnrin yẹn jókòó tì í fún ọdún kan, ọkọ rẹ̀ sì jí. Mo lè jókòó. Ìyálé, sọ fún wọn, ìwọ lo kà á." Àwọn ọkùnrin wojú ara wọn. Ẹnì kan ní orí rẹ̀ ti yí. Mo mọ̀ pé orí rẹ̀ kò yí. Ó gbà mí gbọ́ ni, bó ṣe gbà mí gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ àná.

Ìgbà yẹn ni ìyá ọkọ wa yíjú sí mi lójú gbogbo ènìyàn. Kò pariwo. "Sugna, ó ní ìwọ lo sọ fún òun pé òṣùpá ti yọ. Ṣé ìwọ ni?" Mo fa ìborí mi wálẹ̀ bo ojú. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù ọkọ mi, ẹ̀rù àwọn ọmọ mi, ẹ̀rù pé èmi ni wọn yóò máa pè ní apani. Mo ní, "Mi ò sọ nǹkan kan fún un, Màmá." Mo gbọ́ ohùn ara mi, ó tutù, ó ṣeé gbàgbọ́. Dhapu wò mí. Kì í ṣe ìbínú ló fi wò mí, ó dà bí ẹni tó ń wá nǹkan tó jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Bóyá mi ò gbọ́ dáadáa ni. Ebi ń pa mí." Wọ́n gbé Bhairu lọ. Àwọn opó àgbà kó ẹ̀gbà ọwọ́ Dhapu lé òkúta, wọ́n fi òkúta fọ́ wọn, wọ́n nu àtíkè pupa, àmì abilékọ, kúrò ní ìlà irun rẹ̀.

Ó bí ọmọbìnrin, Moti. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kó jẹ́ ojú Dhapu ni òun kọ́kọ́ rí láàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń jẹun lójúmọ́, kì í sì í bèèrè sí i. Bí mo bá fi róòtì kún un, yóò dá a padà, yóò ní ọ̀fun òun ti ṣe ohun tó ṣe. Nígbà tó yá, ìbátan kan mú un lọ sí ìlú kan lẹ́bàá odò Yamuna, níbi tí àwọn opó ti ń kọrin sí òrìṣà Krishna kí wọ́n lè rí ìrẹsì jẹ. Ìyá ọkọ wa ní Moti kò ní lọ, ẹ̀jẹ̀ Bhairu ni. Èmi ni Dhapu gbé e fún lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ ni kó o tọ́ ọ, Ìyálé. Ọwọ́ rẹ rọ̀." Mo gbà á.

Ọdún yìí, Moti wọlé láti ibi eré, ó bi mí pé, "Ìyá, wọ́n ní ẹni tó bí mi jẹ ọkọ rẹ̀. Ṣé ó sè é ni?" Nígbà tí ọjọ́ ààwẹ̀ pé, tí a jókòó, tí mo kà á dé ibi tí àwọn ẹ̀gbọ́n ti dá iná, mo dúró. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, àtùpà, asẹ́, gèlè, irọ́ tí mo pa. Mo ní ọkọ mi gbọ́ lẹ́nu àwọn tó gbé Bhairu pé oòrùn ọjọ́ ààwẹ̀ yẹn kò tíì wọ̀ tí katakata fi dojú dé, pé Dhapu kò tíì fi omi kan ẹnu nígbà náà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ mú un wálé fún ọmọ rẹ̀. Mo ti ń retí kí wọ́n tutọ́ sí mi lára.

Wọn kò tutọ́ sí mi. Ẹnì kan ní, "Háà, Sugna, àánú ló ṣe ọ́." Òmíràn ní àánú náà ló ṣe àwọn ẹ̀gbọ́n méje yẹn, kò sì sẹ́ni tó bá wọn wí. Ìyá ọkọ mi, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, fọwọ́ pa mí lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Ẹni yòówù kó tan iná, ẹnu ta ló jẹun? Ní ti oòrùn tó o wí, Ìyá Chauth ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yóò jẹ." Mo ní, "Màmá, èmi ni mo parọ́." Ó ní, "Mo ti gbọ́. Mo dárí jì ọ́. Ka ìtàn rẹ parí, kí ààwẹ̀ àwọn èèyàn má bàa bàjẹ́." Gbogbo wọn ń wò mí, ètè wọn gbẹ, ọkọ wọn wà láyé. Mo sì kà á parí. Mo kà á dé ibi tí ọkọ ti jí.

Mo bẹ ọkọ mi, ó ní ọ̀rọ̀ ti tutù, kí ló dé tí mo fẹ́ dá iná sí i. N kò dá wọ bọ́ọ̀sì rí, n kò sì mọ ilé tí Dhapu wà ní ìlú yẹn. Ìdáríjì tí mo bẹ̀rù pé n kò ní rí, ó ti kún ọwọ́ mi, kò wúlò fún mi, torí kì í ṣe àwọn tó fún mi ni mo ṣẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tí wọn yóò fi ìtàn yìí lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ẹ má kà á bí mo ṣe kà á. Bí ẹ bá sì dé etí odò yẹn, tí ẹ rí opó kan tí ń jẹ́ Dhapu, ẹ bá mi sọ fún un pé etí rẹ̀ gbọ́ dáadáa. Èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ sọ fún un pé oúnjẹ tó jẹ nígbà tí ebi ń pa á lọ́jọ́ náà kò pa ẹnikẹ́ni, kó máa jẹun.