Wọ́n Ṣì Ń Kun Ilé

Nínú mọ́tò Ìlọrin ní gáréèjì Òmù-Àrán ni mo ti gbọ́ ọ, níbi tí a ti ń dúró de èrò kan ṣoṣo tó kù. Màmá àgbà kan ló yọjú wo ìkókó tó wà lórí itan obìnrin tó jókòó tì í.

"Ìyá ìkókó, orí ọmọ yìí mà tóbi o. Ṣé ẹ ò fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ ni?"

"Ìyá ọkọ mi ń tẹ̀ ẹ́, mà, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọwọ́ wọn mà dáa o. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń tóbi sí i."

"Dókítà ńkọ́?"

"Wọ́n ní omi ló ń kún inú orí ẹ̀, pé àwọn gbọ́dọ̀ tètè fi róbà tẹ́ẹ́rẹ́ darí ẹ̀ sínú ikùn, kó tó ba ọpọlọ jẹ́. Ẹbí ọkọ mi ní kí n ní sùúrù, kí Bọ̀dá Èkó, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, wá fọwọ́ sí i."

"Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?"

"Ìgbà òkú bàbá wọn ni, mà."

"Ìgbà wo lòkú?"

"Wọ́n ṣì ń kun ilé." Ó tún fìlà ìkókó náà ṣe. "Mo kúkú ti bẹ omi inú orí ọmọ mi. Mo ní kó ní sùúrù, wọ́n ṣì ń kun ilé. Omi tí ò lẹ́kọ̀ọ́, kò gbọ́."

"Ọkọ rẹ mọ̀ pé ọsibítù Ìlọrin lò ń gbé e lọ yìí?"

"Á mọ̀ tí ọ̀dà bá gbẹ."

Màmá náà na ọrùn síta fèrèsé, ó pariwo: "Dẹ́rẹ́bà, kí la tún ń dúró dè?"