Fèrè Tó Ń Ké Bí Ayùn

Láti ọjọ́ tí gáàsì ti bú gbàù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni etí mi ti ń hó, ìdí nìyẹn tí mo fi wà lórí bẹ́ǹṣì oníṣègùn etí ní Kumasi, níbi tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ la pákó ní Anloga Junction àti àbúrò rẹ̀ obìnrin.

"Etí ni mo fi ń mọ̀ bí ayùn bá fẹ́ kan ìṣó nínú pákó," ọkùnrin náà wí. "Bí etí bá dí, ìka á lọ."

"Kí ló wá kan orin jáàsì tẹ́ ẹ ń fi íápíìsì gbọ́ yìí, ẹ̀gbọ́n?"

"Ìlù ń kọsẹ̀, dùùrù ń ṣìnà, síbẹ̀ mi ò lè pa á. Ohùn tín-ín-rín kan, bíi ti ayùn tó kan ìṣó, á wá bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi á sì fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ṣé inú orin ló wà, àbí inú etí mi?"

Obìnrin náà gba íápíìsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kì í bọ etí, ó tẹ́tí sí orin náà.

"Fèrè ni. Mo gbọ́ ọ paa, ketekete."

"Ìwọ náà gbọ́ ọ? Alihamudulilai."

"Kò sí nǹkan tó ṣe etí yín nìyẹn. Ẹ dìde, ká máa lọ sílé."

"Dúró ná," ọkùnrin náà wí, ó sì gba íápíìsì náà padà. "Jẹ́ kí n wá gbọ́ ọ bí orin."