Ọkàn Tuntun àti Ìrìn Àárọ̀ Morẹ́nikẹ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọpẹ́ ni ó gbé mi dìde lórí àga mi ní òwúrọ̀ yìí. Ọlọ́run tí ó dá ọkàn ni mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó fún ọmọ-ọmọ mi ní èkejì nígbà tí àkọ́kọ́ kò lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Ẹ mọ Morẹ́nikẹ́, ọmọ tí àkọ́bí mi ọkùnrin bí. Àìsàn ọkàn ni ó gbé e dé Íńdíà. Níbẹ̀ ni àwọn dókítà ti yọ ọkàn rẹ̀, tí wọ́n sì fi ọkàn ọmọ mìíràn tí ó ti dolóògbé rọ́pò rẹ̀. Àwọn òbí ọmọ náà ni wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. N kò mọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n mo máa ń dárúkọ ìbànújẹ́ wọn níwájú Ọlọ́run.

Ó padà sí Ọ̀wọ̀ láàyè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Obìnrin tí ó ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní eré ìdárayá ní ọsibítù pàṣẹ pé kí ó máa rìn ní àràárọ̀, kí ara má baà gbàgbé agbára. Ó ṣàlàyé pé nígbà iṣẹ́ abẹ, wọ́n gé àwọn iṣan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ọkàn. Nítorí náà, ọkàn tuntun kì í tètè mọ̀ pé ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn, kì í sì í tètè mọ̀ pé ẹsẹ̀ ti dúró. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ rọra bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Bí ara bá sì ti gbóná, kò gbọdọ̀ dúró lójijì, kí òòyì má baà kọ́ ọ.

Ará, ibẹ̀ ni wàhálà wà! Ní àdúgbò wa, ọmọbìnrin kì í kọjá lára àgbà láìkúnlẹ̀. Èmi fúnra mi, tí mo ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí, ni mo kọ́ ọ, n kò sì kábàámọ̀. Ó ń rìn, ó ń dúró, ó ń kúnlẹ̀, ó ń dìde, títí ó fi ṣubú níwájú ilé Màmá Ìjàgbà, aládùúgbò wa. Bàbá rẹ̀ sáré gbé e wọlé.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ó tó. Ẹ jẹ́ kí ó máa sinmi."

Ẹ̀rù ń bà á. N kò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà ti ń dùbúlẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń dín kù, tí kò fi lè gun àtẹ̀gùn ilé wa mọ́. Mo gbààwẹ̀. Mo bi Olúwa léèrè bóyá orí ibùsùn ni ọmọ yìí yóò ti lo ọkàn tí àwọn ẹlòmíràn fi omijé fún un.

Nígbà tí mo dìde lórí eékún mi, ọ̀nà ti là lójú mi. Mo bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ó fi gbà. A jáde. Mo ní kí Morẹ́nikẹ́ fi ẹnu nìkan kí ènìyàn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má dúró. Màmá Ìjàgbà ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀, mà!" Ọmọ ń lọ.

"Hẹ̀n! Ọmọ-ọmọ Ọ̀gá ilé-ìwé ni ó ń kí mi bí ẹni tí ń ju òkò? Íńdíà ti sọ ọ́ di òyìnbó!"

Ẹ mọ̀ pé èmi kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sì ju obìnrin náà lọ dáadáa ní ọjọ́ orí. Síbẹ̀, mo kó aṣọ mi jọ, mo sì kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ níwájú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ìkúnlẹ̀ Morẹ́nikẹ́ nìyí."

"Yéè! Ìyá Ọ̀gá, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Ará àdúgbò, ẹ gbà mí o!"

Ẹ̀gúsí dànù. Òun náà wólẹ̀ níwájú mi. Àwa méjèèjì wà nílẹ̀, ọmọ sì ń rìn lọ. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàlàyé fún un.

Láti ìgbà náà, òun ni ó ń kígbe ṣáájú wa: "Morẹ́nikẹ́ ń bọ̀ o! Ẹ má dá a dúró! Ẹni tí ó bá ń wá ìkúnlẹ̀, kí ó lọ gbà á nílé Ìyá Ọ̀gá ní ìrọ̀lẹ́!"

Ọmọ náà ti padà sí ilé-ìwé. Ó ṣì ń lo oògùn, a sì ń lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Olúwa nìkan ni ó ni ògo rẹ̀.

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi jó. Ẹ̀yin akọrin, mo bẹ̀ yín, ẹ rọra bẹ̀rẹ̀ orin náà, kí ọkàn ọmọ yìí lè bá wa dé ibẹ̀. Bí ijó bá sì ti gbóná tán, ẹ má gé e lójijì. Ẹ jẹ́ kí ó máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Morẹ́nikẹ́, ó yá, gbé ẹsẹ̀ rẹ.