Ìgbì Èké Tí Mo Fi Ba Orúkọ Rahmah Jẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀ tí ìgbìmọ̀ yunifásítì máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ Rahmah, torí bí mo bá tún dákẹ́, wọ́n á lé e. Èmi Mobọ́lájí ni mo ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí n'Íjẹ̀bú-Òde, mo ti sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó mọ kọ̀ǹpútà tó mi títí dé ìpẹ̀kun ayé. Irọ́ nìyẹn. Eléyìí, òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Èmi àti Rahmah la jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Mọ́ṣádé, Mọ́mì là ń pè wọ́n. Ohun kan wà lójú ọ̀run tá ò rí, tó wúwo ju gbogbo ìràwọ̀ lọ. Bí ihò dúdú méjì, ìyẹn òkú ìràwọ̀ tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, bá kọlu ara wọn láàárín ẹ̀, ìgbì tó máa tibẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa á yàtọ̀ díẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn là ń wá. Ìlànà wa ni pé kí ẹnì kan dọ́gbọ́n fi ìgbì èké sínú àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ wa ń ṣe, ká lè mọ̀ bóyá ojú àwọn yòókù ríran. Bí wọ́n bá ti rí i, kó jẹ́wọ́ kíá. Èmi ni Mọ́mì gbé iṣẹ́ yẹn fún.

Mo ṣe tèmi, ó dùn ún wò bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Rahmah rí i lọ́sẹ̀ kejì. Mọ́mì bú sẹ́kún: "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń wá a! Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ṣé!" Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo lọ ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé òyìnbó ń bọ̀ wá fi bàálù gbé mi. Oníranù ni mí.

Rahmah nìkan ni ò yọ̀. "Bọ́lájí, àwọn tó ń ya àwòrán bí ìràwọ̀ ṣe ṣù jọ ò gbà pé ohun tá ò rí yẹn pọ̀ tó bí ìgbì yìí ṣe fi hàn o. Ṣé kì í ṣe tìẹ nìyí? Jọ̀ọ́, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín. "Wallahi, mi ò tíì fi tèmi sí i." Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì o! Mo fi wallahi búra kó lè gbà mí gbọ́. Ó sì gbà.

A kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí, a sì gbé e jáde. Àwọn tó ń ṣọ́ ìgbì lókè òkun wá inú àkọsílẹ̀ tiwọn títí, wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní ẹnì kan ló ṣe ayédèrú. Orúkọ Rahmah ló ṣíwájú nínú ìwé náà, òun ni gbogbo ẹ̀ já lé lórí. Nígbà tí Mọ́mì bi mí, irọ́ kan náà ni mo pa fún wọn, mo sì sáré pa fáìlì tí mo fi ṣe ìgbì èké náà rẹ́ ní ọ́fíìsì.

Èyí tó burú jù rèé. Bàbá Rahmah, Alfa Àbúdù, wá bá mi láti Ìbẹ̀fun, wọ́n ṣí fìlà lẹ́nu ọ̀nà wa. "Ọmọ mi, bó o bá mọ nǹkan kan, gbà mí." Mo wo ojú àgbàlagbà, mo ní: "Bàbá, ẹ bi ọmọ yín dáadáa. Mo kìlọ̀ fún un."

Wọ́n ní: "Mo dúpẹ́, ọmọ mi." Ọpẹ́ yẹn ló pa mí.

Ẹ̀dà fáìlì náà wà lórí fóònù mi, tòun tọjọ́ tí mo ṣe é. Mo ti fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ láàárọ̀ yìí. Kí wọ́n lé èmi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí ìyìn tí kì í ṣe tiyín dùn mọ́ yín lẹ́nu; ẹlòmíì ló máa jẹ ìyà ẹ̀. Lọ́la, màá lọ dọ̀bálẹ̀ fún Alfa n'Íbẹ̀fun. Rahmah, bó o bá lè dárí jì mí, mo bẹ̀ ọ́. Bí o ò bá sì lè ṣe é, ṣáà padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ.