Igi Tí Mo Pè Ní Aláìsàn

Ẹ̀yin ará àdúgbò ìsàlẹ̀ tí mo dàgbà láàárín yín, èmi tí ẹ̀ ń pè ní Dókítà Igi ni mo ní kí wọ́n kọ ìwé yìí sí yín. Àìsàn ẹ̀dọ̀ ti dá mi dùbúlẹ̀, àwọn oníṣègùn sì ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé mi ò ní pẹ́ mọ́. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti fi irọ́ kan pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ inú ilẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ jáde kí n tó lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń bá mi kọ ọ́, nítorí mi ò lè dìde jókòó kọ̀wé mọ́. Kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó rò pé ìwé ìdágbére lásán ni.

Gbogbo yín lẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Alágbàfọ̀. Nígbà tí àwọn òbí wa kú, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, èmi sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Aṣọ àwọn olówó tó ń gbé lórí òkè ló ń gbà fọ̀, tó ń bá wọn lọ̀, títí mo fi jáde nílé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú igi. Ọṣẹ ti jẹ èékánná rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ gbà mí síṣẹ́ pé kí n máa yẹ àwọn igi ìlú wò, ijó ló ń jó kiri ojúde. Ó ní, "Àbúrò mi ti di dókítà!" Télọ̀ tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa ní, "Dókítà igi ṣá ni." Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìyẹn gan-an ló dáa. Kò sí aláìsàn rẹ̀ tó máa bú u." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, orúkọ yẹn sì mọ́ mi lára.

Ẹ̀yin náà mọ bí àdúgbò wa ṣe rí. Ilé fẹ̀yìn ti ilé, èèyàn mẹ́fà nínú yàrá kan, tí o bá ṣí fèrèsé, ògiri ẹlòmíì lo máa rí. Páànù orí ilé á gbóná títí ọ̀sán fi máa dà bí inú ààrò. Igbó kékeré tó wà lópin àdúgbò yẹn nìkan ni ibi tí a ti ń mí. Odò tóóró kan gbabẹ̀ kọjá, igi ńláńlá mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀, mo mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìyá á tẹ́ ẹní, àwọn bàbá á sùn lọ, àwọn ọmọdé á máa pariwo lójú odò.

Nígbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi já bọ́ láti orí òrùlé tó ń kàn, tó sì kú, oorun kọ ojú ẹ̀gbọ́n mi. Àyà rẹ̀ á máa já ṣáá. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru gan-an. Ó fún un ní oògùn, ó wá bi í pé, "Ẹ ò ní ibì kan tí ara máa ń tù yín?" Ẹ̀gbọ́n mi dárúkọ igbó yẹn fún un. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ máa lo oògùn yín, kí ẹ sì máa lọ jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́." Ó ń lọ. Igi kan wà lẹ́bàá odò tó máa ń fẹ̀yìn tì. Kó tó di oṣù mẹ́fà, ó ti ń sùn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Àbúrò, tí mo bá ti jókòó síbẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan bá mi sọ ẹrù kalẹ̀."

Àwọn ará òkè ní ọgbà tiwọn, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní òdòdó àti igi nínú ọgbà rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n fẹ́ igbó yẹn, nítorí ẹ̀yìnkùlé wọn ló parí sí. Wọ́n ní ariwo wa pọ̀, wọ́n ní aṣọ tí à ń sá sórí ewéko ń ba ojú àwọn jẹ́. Aṣọ tiwọn náà ni o! Ọ̀gá àgbà wa níbi iṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní, "Kọ ọ́ pé àwọn igi yẹn ti jẹrà nínú, pé wọ́n lè wó pa èèyàn. A máa mọ odi yí igbó náà ká. Àwọn ará òkè á wá gbà á tọ́jú." Mo ní, "Ọ̀gá, kò sí nǹkan kan tó ṣe àwọn igi yẹn." Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ? Ìwọ nìkan ni dókítà wọn." Ó tún ní ilé kan ṣófo lókè, ẹni tó bá di igbákejì òun ló máa gbébẹ̀.

Mo kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó fi ìbọn sí mi lórí. Mo jókòó ní ọ̀sán gangan, mo wá àìsàn fún igi mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún. Igi tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń fẹ̀yìn tì, òun ni mo fún ní èyí tó burú jù, nítorí òun ló tóbi jù. Irú èèyàn wo nìyẹn?

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí mọ odi, ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi. Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ wọ́n. Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ń ṣàìsàn?" Mo wò ó lójú. Mo ní, "Lóòótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Inú wọn ti jẹrà." Ó wá ní, "Ó mà ṣe o. Mo sì fi gbogbo ara tì í lánàá, mi ò mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá." Igi ló ń káàánú. Ẹ rántí pé télọ̀ ti ń gba ìtẹ̀ka yín jọ nígbà náà láti fi kọ̀wé ta ko odi yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kó dá a dúró. Ó ní, "Àbúrò mi ló kọ ìwé yẹn. Àbúrò mi kì í purọ́." Torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ ṣe jáwọ́.

Mo di igbákejì ọ̀gá, mo kó lọ sókè. Láti fèrèsé ẹ̀yìn ilé mi, mo ń rí àwọn igi náà tí wọ́n tutù yọ̀yọ̀. Àwọn ará òkè ti fi ìlẹ̀kùn onírin síbẹ̀, olúkúlùkù ní kọ́kọ́rọ́, èmi náà ní tèmi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi wọlé mi rí. Ẹnu géètì ni mo ti ń kí i. Tó bá wọlé, á rí àwọn igi tí mo ní wọ́n ti jẹrà. Ẹ̀yin ń sọ pé ojú rẹ̀ ló ń tì mí, pé mo ti di ẹni ńlá. Mo gbọ́, mo sì jẹ́ kí ẹ máa rò ó bẹ́ẹ̀, nítorí ó sàn fún mi ju òótọ́ lọ.

Ní ìsàlẹ̀, oorun tún kọ ojú rẹ̀. Àwọn bàbá tó ń sùn lábẹ́ igi ń kú sínú yàrá tó móoru, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọdé ń jà lójú títì. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ru padà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú janjan ni mo fẹ́ sọ báyìí. Kọ ọ́, ọmọ mi, má fo ọ̀kankan. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ gun òkè wá sílé mi. Mo wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo ń wò ó láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Ó gbọ́wọ́ lé géètì, ó ń mí gúlegúle. Mégáàdì wá jíṣẹ́ fún mi. "Wọ́n ní àwọn ò ní wọ inú ilé o. Wọ́n ní kí ẹ ṣáà jẹ́ káwọn jókòó díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí atẹ́gùn wà. Wọ́n ní àyà ń já àwọn." Mo ní, "Sọ fún un pé mi ò sí nílé." Mọ́tò mi wà nínú ọgbà, ẹ̀gbọ́n mi ń wò ó láti àárín irin géètì. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó ní, "Kò burú. Tó bá dé, ẹ bá mi kí i." Ó jókòó sínú ìwọ̀nba òjìji tó wà lẹ́sẹ̀ ògiri mi, títí oòrùn fi gba ibẹ̀ náà. Ó wá dìde, ó ń fọwọ́ ti ògiri lọ. Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ. Ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí ibùsùn láìsọ̀rọ̀, tó kọjú sí fèrèsé tí kò fi nǹkan kan han ènìyàn ju ògiri lọ. Lẹ́yìn náà ó kú. Ẹ̀yin lẹ dì mí mú níbi ìsìnkú. Ẹ ní ó tó, ẹ ní mo ti ṣe gbogbo ohun tí mo lè ṣe fún un.

Ibí yìí ni mo dé lánàá tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi bírò sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó jìnnà ló wà lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Ó ní, "Bàbá, màmá mi bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ kejì tí wọ́n wá yẹn. Wọ́n ní ẹ gbé àga fún àwọn lábẹ́ igi. Wọ́n ní ẹ bu omi tútù fún àwọn, pé àwọn jókòó pẹ́ gan-an, ara sì tu àwọn." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Mo sunkún bí ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í purọ́, èmi ló bá bo àṣírí. Kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kórìíra mi.

Mo rò pé kò ní padà wá. Àmọ́ ó dé lónìí, ó mú bírò, ó ní, "Ẹ máa sọ ọ́ lọ." Kò wo ojú mi.

Mo ti buwọ́ lùwé níwájú lọ́yà pé irọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ nípa àwọn igi yẹn. Ẹ gbé e lọ sílé ẹjọ́. Igi mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún ṣì wà lóòró, ẹ ní kí adájọ́ lọ kà wọ́n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ irọ́ kékeré kan sínú ìwé, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ẹni tó ń jókòó níbi tí irọ́ yẹn máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ lórí ibùsùn tí mo wà yìí. Mi ò ní àwáwí kankan. Ẹ foríjì mí, bí ẹ bá lè ṣe é.

Mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bóyá òun lè foríjì mí. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí odi yẹn wó ná."