Ìbọn Bàbá Mi Kò Sùn Rí

Ìyá, mi ò jókòó! Ẹ má gbé àga fún mi, ẹ má bu omi fún mi, ẹjọ́ ni mo wá rò, ẹjọ́ ọmọ yín tí ẹ fi fún mi ṣaya, ọmọ yín ti gba ìbọn lọ́wọ́ mi! Rárá o, kò yìn ín fún ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kò tilẹ̀ sí ọta nílé wa, ìbọn bàbá mi ni mò ń wí, ìbọn ẹlẹ́nu méjì tó wà nínú àpótí gígùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ọmọ yín ló so kọ́kọ́rọ́ àpótí mọ́ ọrùn báyìí, ó ń fi rìn kọjá níwájú mi, ó ń dún wọnran wọnran, nínú ilé tí wọ́n ní èmi ni baálé rẹ̀!

Ta ló gbé e fún un? Ẹ̀gbọ́n mi ni! Ẹ̀gbọ́n mi tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi. Ẹ gbọ́ ọ tán ná kí ẹ tó máa mirí.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọdẹ ni bàbá mi. Èmi ńkọ́? Èmi ń ránṣọ. Ẹran tí mo pa láyé mi kò ju eku kan ṣoṣo lọ ní ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn gan-an, ilẹ̀kùn ló há a mọ́. Síbẹ̀ èmi ni bàbá pè nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, kò pe ẹ̀gbọ́n mi, ó ní ọwọ́ tèmi ló rọ̀. Ó ní sípíríǹgì méjì ló wà níkùn ìbọn yìí, ọ̀kan fún ẹnu kọ̀ọ̀kan, ó ní tí ìbọn bá wà nílẹ̀ tí sípíríǹgì rẹ̀ ká, tó le, bí ẹni fi ìbínú sùn ló rí, yóò rẹ̀ ẹ́ níjọ́ kan. Ó ní, "Tó o bá ti nù ún tán, ki ọta onígi méjèèjì yìí bọ̀ ọ́ nídìí, pa á dé, fà á lẹ́ẹ̀mejì kí sípíríǹgì dẹ̀, kó o gbé e pa mọ́." Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ọta onígi yẹn, ó fi rọ́bà sí ìdí wọn kí irin má bàa na òfìfo kó kán. Ìyá, ohun kan ṣoṣo tí bàbá mi bẹ̀ mí nìyẹn kó tó kú. Kò bẹ̀ mí pé kí n lówó. Kò bẹ̀ mí pé kí n gbọ́n, ó jọ pé ó ti mọ̀.

Mo sì ń ṣe é o! Gbogbo Sátidé ayé! Mo á tilẹ̀kùn, mo á dé fìlà, mo á ní kí gbogbo ilé dákẹ́, mò ń tu ìbọn lára. Mo á ki ọta onígi bọ̀ ọ́, mo á pa á dé, mo á fà á, kẹ́! kẹ́! Ó parí. Ìbọn ti sùn. Mo á wá ṣí i, kà! mo á yọ ọta onígi, mo á kó wọn sínú àpò àrán kékeré tí mo rán fún wọn, àpò tó ní bọ́tìnnì, tó ní aṣọ inú, mo á pa ìbọn dé, mo á tì í mọ́nú àpótí.

Ẹ ò tíì rí nǹkan kan níbẹ̀? Ẹ ṣeun, Ìyá mi, èmi náà kò rí i!

Ọmọ yín bi mí nígbà kan, ó ní kí ló máa ń dún kà yẹn. Mo ní kó dákẹ́, mo ní ìbọn ló ń mí. Mo ní ìbọn ló ń mí! Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wá dé ní Sọ́ńdè tó kọjá. Ó ní òun fẹ́ wo bí mo ṣe ń tọ́jú ohun ìní bàbá, tí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun á gbé e sínú ọkọ̀ òun lọ. Háà, inú mi dùn! Mo ní kí gbogbo ilé wá jókòó. Mo gbé ìbọn jáde, mo dé fìlà, mo ṣe é wẹ́rẹ́, kẹ́, kẹ́, kà, mo yọ ọta onígi, mo fi àpò àrán han gbogbo wọn, mo ní kí wọ́n wo bí mo ṣe rán an. Ni ọmọ yín bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ má bínú o, ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ tó tún gbé e rù, ṣé ó sinmi ni?"

Mo fojú burúkú wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi kò wò ó, èmi ló ń wò. Ó ní kí n dá ọta onígi padà sídìí ìbọn, kí n pa á dé, kí n fà á. Mo ní kí ni mo tún fẹ́ fà, ṣebí ó ti sùn. Ó ní, "Fà á!" Mo fà á. Kẹ́! Yéè! Ìbọn tí mo ní ó ti sùn ló dá mi lóhùn yẹn! Mo fa ti òsì, òun náà dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, kẹ... bí arúgbó tó ń wúkọ́. Àṣé ṣíṣí yẹn gan-an ló ń ká sípíríǹgì padà! Àṣé láti ọjọ́ tí bàbá ti kú, mò ń tu ìbọn nínú, mo tún ń mú un bínú lójú ẹsẹ̀, kí n tó wá tì í mọ́ òkùnkùn! Nítorí kí ni? Nítorí àpò! Èmi tí mo máa ń yọ bẹ́líìtì máṣíìnì mi kúrò lára wíìlì tí mo bá fẹ́ relé, kí bẹ́líìtì lè sinmi! Orí mi yìí, ṣé fìlà nìkan ni wọ́n dá a fún ni?

Mo di àpótí mú, Ìyá, mo gbá a mọ́ra bí ọmọ, mo rò pé ó ti lọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá, ìbọn kò ní kúrò níbi tí bàbá fi í sí, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ ẹni tó ní etí. Ló bá nà án sí ọmọ yín.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rín in, ẹ jọ ọmọ yín. Ẹ gbé omi yẹn wá ná.

Lánàá, Sátidé, òun ló tù ú. Mo jókòó sí pálọ̀, mi ò dé fìlà. Mo gbọ́ kẹ́. Mo gbọ́ kẹ... Mò ń dúró de kà. Kò dún. Ó fi ọta onígi sílẹ̀ nínú rẹ̀, ó ti àpótí, ó ń bá iṣẹ́ ilé rẹ̀ lọ. Ìyá, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe yẹ kó máa dákẹ́ nìyẹn. Omi bọ́ lójú mi, mo sì díbọ́n pé òwú ìránṣọ ló kó sí mi lójú. Àpò àrán mi ńkọ́? Ó ń kó àlùbọ́sà sí i!

Mi ò ní kó dá kọ́kọ́rọ́ padà o. Kó fi sọ́rùn, ó yẹ ẹ́. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín sí kò tó nǹkan. Irin méjì ni wọ́n ń fà lára ìbọn yẹn. Kó máa fa ti ọ̀tún. Kó fi ti òsì sílẹ̀ fún mi, èyí tó ti rẹ̀ yẹn, èmi ni mo dá a lágara, ẹ jẹ́ kí n máa fi ọwọ́ ara mi tù ú. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, Ìyá. Ẹ sọ fún un pé mo búra níwájú yín: mi ò ní ṣí i.